Ọwọ́ Ọ̀tún, Ojú Òsì: Bí A Ṣe Ń Yan Ìfojúsùn fún Ráífù

Ẹni tó ń fi èjìká ọ̀tún yìnbọn, tí ọta rẹ̀ ń bọ́ sí apá òsì ṣáá, máa ń rí agbaninímọ̀ràn púpọ̀ ní pápá. Ọ̀kan á ní kó yí ìfojúsùn ìbọn rẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún. Òmíràn á ní ńṣe ló ń já ìbọn gbà dípò kó rọra fà á. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta á ní ìbọn náà ni kò dára, kó yáa tà á. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè jàre. Ṣùgbọ́n kí a tó fọwọ́ kan ìdè kankan lára ìbọn náà, ó yẹ kí a mọ èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú ojú rẹ̀ méjèèjì. Bó bá jẹ́ ojú òsì ni, kò sí ìdè tí a yí tó máa tún un ṣe pẹ́ títí.

Ojú méjì la ní, àmọ́ nígbà tí a bá ń nàka sí nǹkan, ọpọlọ kì í gba ẹ̀rí àwọn méjèèjì ní dọ́gba. Ọ̀kan ló máa ń tẹ̀ lé. Nínú èèyàn mẹ́ta, nǹkan bíi méjì ló jẹ́ pé ojú ọ̀tún ni ọ̀gá fún wọn. Nínú àwọn tó kù, ojú òsì ni fún èyí tó pọ̀ jù. Ojú kò sì bá ọwọ́ ṣàdéhùn. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, tó ń fi í jẹun, tó ń fi í ju òkò, lè jẹ́ olójú òsì. Kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe àbùkù. Onítọ̀hún lè má mọ̀ láéláé bí kò bá gbé ìbọn gígùn rí, nítorí ìbọn gígùn ló ń fi dandan so ojú mọ́ èjìká. Ẹni tó ń yin ìbọn ìléwọ́ kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀: ó kàn máa sún ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀ wá sí iwájú ojú tó wù ú ni. Ráífù kò gba ìyẹn. Èjìká tí ìdí rẹ̀ bá wà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló máa tẹ̀ mọ́ igi ìbọn, ojú tó wà lókè ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ló sì máa bá ọ̀pá ìbọn dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ọmọlójú méjèèjì àgbàlagbà tó nǹkan bíi 63 mm. Ká ní irin kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn fi 90 cm jìnnà sí ojú, kí àmì sì wà ní 10 m. Bí ojú òsì bá gba iṣẹ́ ṣe, tó gbé irin iwájú yẹn lé àárín àmì nígbà tí ọ̀pá ìbọn ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ojú ọ̀tún, ọta yóò fi nǹkan bíi 64 cm yà sí òsì. Páálí tí wọ́n ń yìn ní ìdíje 10 m kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ihò kankan ò ní sí lórí rẹ̀ rárá.

Lórí ìbọn tí kò ní irin ẹ̀yìn, àṣìṣe yìí lè wáyé láìsí ohun tó kìlọ̀ fún onítọ̀hún. Lórí ráífù tó ní irin ẹ̀yìn, ọ̀nà míràn ló ń gbà yọjú: irin iwájú á di méjì, tàbí kó máa pòórá kó máa padà. Ayìnbọn á wá máa di ojú òsì rẹ̀ pinpin. Bó bá pẹ́ díẹ̀, iṣan ojú tó dì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbígbọ̀n náà á sì ran èkejì.

Wíwádìí ojú ọ̀gá

Kò gba owó, kò sì gba ìbọn. Giambattista della Porta, ọmọ Ítálì, ti ṣàpèjúwe irú ìdánwò yìí kan láti ọdún 1593. Bí a ṣe ń ṣe é lónìí nìyí: ẹ na ìka kan síwájú, ẹ la ojú méjèèjì, kí ẹ fi ìka náà bo nǹkan kan tó jìnnà, bóyá ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ di ojú kan. Ẹ là á, kí ẹ di èkejì. Èyí tí ìka kò kúrò lórí ọwọ́ ilẹ̀kùn nígbà tó dá wà ní lílà ni ọ̀gá. Àléébù rẹ̀ ni pé ìka máa ń di méjì lójú àwọn kan, wọn ò sì ní mọ èwo ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Èyí tí a fi orúkọ Walter Miles, ọmọ Amẹ́ríkà, pè ló dára fún irú wọn: ẹ na ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ fi àwọn ìka ṣe ihò kékeré kan, kí ẹ wo ọwọ́ ilẹ̀kùn láti inú ihò náà, kí ẹ wá máa fa ọwọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ojú. Ojú ọ̀gá ni ọwọ́ máa bá lọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ á dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, á di ojú kan tirẹ̀, á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yára nàka sí èyí tó là. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ bá rí orí ìka náà lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni ọ̀gá. Ìka ni o. Kò sí ìdánwò kankan láyé tó yẹ kí ẹnu ìbọn, bó tiẹ̀ ṣófo, torí rẹ̀ kọjú sí ènìyàn.

Ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá kí ẹ tó gbà á gbọ́, kí ẹ sì kọjú sí ohun tí ẹ ń wò tààrà. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé ipò ọ̀gá lè kúrò lọ́wọ́ ojú kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì bí ohun tí à ń wò bá yà sí ẹ̀gbẹ́ jù. Bí ojú òsì bá jáwé olúborí nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ọ̀gá gidi ni. Bó bá jẹ́ mẹ́fà sí mẹ́rin, ọ̀gá aláìlágbára ni, irú èyí tí ìbòjú pẹlẹbẹ kan tó láti ṣẹ́gun. Ẹ má sì rò pé ojú tó ríran jù ni ọ̀gá ní dandan. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ayìnbọn rí dókítà ojú kí ó tó lọ sí ìsọ̀ oníbọn. Àìní awò ojú tó bá a mu ti mú kí àwọn kan ra ìfojúsùn tí wọn ò nílò.

Èjìká ṣáájú owó

Ìmọ̀ràn tó máa ń dun àwọn ayìnbọn létí nìyí: bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tí ojú òsì sì jẹ́ ọ̀gá gidi, ẹ gbé ìbọn lọ sí èjìká òsì. Ọwọ́ ṣeé kọ́. Ìka òsì lè kọ́ bí a ṣe ń rọra fa ìbọn, apá ọ̀tún sì lè kọ́ bí a ṣe ń gbé e dúró. Ojú kò gbọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, bó bá sì gbọ́, ó máa ń gbàgbé ní ọjọ́ ìdíje nígbà tí àyà bá ń já. Ọmọdé ló yẹ kí èyí kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́, nítorí kò tíì sí àṣà kankan lára rẹ̀ tó máa kọ́kọ́ tú.

Láàárín àwa Yorùbá, ohun kan wà tí olùkọ́ àjèjì lè má ronú kàn. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti lu ọwọ́ òsì mọ́ lára láti kékeré. Ọmọ tó bá fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà á gbọ́ ọ, ẹni tó bá fi í jẹun náà á gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọlọ́wọ́ ọ̀tún lè jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì tí wọ́n yí padà. Ẹ bi í bóyá òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ bi í èwo ló fi ń kan ìṣó nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò ó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ráífù sí èjìká òsì bí ẹni tó padà sílé, kìkì pé ojú á kọ́kọ́ máa tì í. Ìbọn kì í ṣe àgbà tí à ń fi òsì nǹkan fún.

Ìnáwó wà níbẹ̀, mo gbà. Ráífù onírin-fífà tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún ṣòro láti lò láti èjìká òsì, nítorí pé apá òdìkejì ni irin tí à ń fà wà. Èyí tó ń tu páànù ọta jáde fúnra rẹ̀ lè máa tu ú sí apá iwájú ojú. Àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn ìdíje, bíi Anschütz, Feinwerkbau àti Walther ní Jámánì, ń ṣe ti ọlọ́wọ́ òsì pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ráífù afẹ́fẹ́ fún akọ́ṣẹ́ ló sì ní igi tó bá èjìká méjèèjì mu. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ ayìnbọn tí ìjọba fọwọ́ sí lè lo ìbọn ẹgbẹ́ kí ó tó ra tirẹ̀, nípa bẹ́ẹ̀ ó lè dán èjìká òsì wò láìná owó ìbọn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, àgbàlagbà kò nílò ìwé àṣẹ fún ráífù afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò ju 12 ft-lb lọ. Ní Scotland, ó nílò rẹ̀ láti ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2016. Ní Nàìjíríà, ẹ má fọwọ́ kan ìbọn kankan láìní àṣẹ.

Àwọn tí mi ò ní ní kí wọ́n yí padà ni ẹni tí apá tàbí èjìká òsì rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú òsì rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àmọ́ tí kò ríran dáadáa, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò lágbára, àti ẹni tó ti fi èjìká ọ̀tún yìnbọn fún ogún ọdún tí gbogbo ara rẹ̀ ti mọ ọ́n. Àwọn wọ̀nyí ni ìyókù orí yìí wà fún. Ìlànà kan ṣoṣo ni mo sì fi ń yan ìfojúsùn fún wọn: èyí tó dára ni èyí tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ojú òsì láti wò. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan.

Irin méjì

Èyí tó máa ń bá ráífù wá láti ilé iṣẹ́ ni irin tó ní kòtò lẹ́yìn àti irin ṣónṣó níwájú. Nǹkan mẹ́ta ni ojú ní láti tò síra: irin ẹ̀yìn, irin iwájú àti àmì. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló sì lè mọ́ kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Irin iwájú la máa ń ní kí ayìnbọn tẹjú mọ́, irin iwájú ọ̀hún ló sì dúró ní gbangba fún ojú méjèèjì. Bí irú rẹ̀ nìkan lẹ bá ní, ìbòjú tí mo máa ṣàlàyé rẹ̀ láìpẹ́ á ràn yín lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ra tuntun, ẹ kọjá lórí rẹ̀.

Ìfojúsùn oníhò

Ibí ni mo fẹ́ kí a jókòó sí, nítorí ó jẹ́ ìdáhùn tó dára jù fún olójú òsì tó ń yin àmì lórí páálí. Dípò irin oníkòtò, páànù róbótó kan tó ní ihò kékeré láàárín ló wà lẹ́yìn, ó sì súnmọ́ ojú gan-an. Níwájú, òrùka wà nínú páìpù kúkúrú. Ayìnbọn á wò láti inú ihò, á rí òrùka, á sì gbé àmì dúdú sí àárín òrùka. Ojú fúnra rẹ̀ máa ń wá àárín ihò, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò sí pé à ń wọn àlàfo ọ̀tún àti òsì bíi ti irin oníkòtò. Àǹfààní míràn tún wà lára ihò kékeré: ohun tó súnmọ́ àti ohun tó jìnnà á jọ mọ́ díẹ̀ sí i. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tí irin iwájú ti ń ṣú lójú rẹ̀, á rí i pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ní ti olójú òsì, ojú ọ̀tún nìkan ló ní ihò. Ẹ má tètè yọ̀ ṣá. Ojú òsì ṣì ń rí páìpù iwájú, ó ń rí iná gbọ̀ngàn, ó ń rí àmì ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bó bá sì lágbára, ó lè fi àwòrán tirẹ̀ bo ti ọ̀tún mọ́lẹ̀. Ìbòjú ló máa ká a lọ́wọ́ kò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á fi aṣọ dúdú di ojú òsì bíi ti ajalèlókun nínú fíìmù. Kò dára. Ọmọlójú méjèèjì jọ ń fẹ̀ ni, wọ́n sì jọ ń sún kì. Bí òkùnkùn bá bo òsì, ọmọlójú rẹ̀ á fẹ̀, ti ọ̀tún náà á sì fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àwòrán tó ń gbà wọlé kò sì ní mọ́ tó bó ṣe yẹ. Ohun tí a fẹ́ ni ìbòjú funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá àmọ́ tí àwòrán kò lè gbà kọjá. Èyí tó dára jù tí mo mọ̀ wà nínú pàǹtí ilé ìdáná: ìgò wàrà oníke, irú èyí tí wọ́n ń tà ní gbogbo ìsọ̀ ní Ìlú Ọba. Ẹ gé e ní pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó 30 mm, ẹ lu ihò sí ìpẹ̀kun rẹ̀ kan, kí ẹ fi páànù oníhò dè é mọ́ ìfojúsùn ẹ̀yìn, kí èyí tó kù nà sí iwájú ojú òsì.

Mi ò dédé mú 30 mm o. Àjọ ISSF, tó ń darí ìdíje ìbọn lágbàáyé, gbà pé kí ìbòjú ráífù má jìn ju 30 mm lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó má sì nà ju 100 mm lọ láti àárín ihò sí ẹ̀gbẹ́ ojú tí kò fojú sùn. Wọn ò gbà á ní ẹ̀gbẹ́ ojú tó ń fojú sùn. Ẹni tó bá gé tirẹ̀ bó ti yẹ láti ilé kò ní bá adájọ́ fa ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìbòjú, ẹ la ojú méjèèjì. Yóò kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ìkùukùu bo apá òsì, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ọpọlọ á pa ìkùukùu yẹn tì.

Ìtóbi ihò ẹ̀yìn ni ibi tí mo ti máa ń bá àwọn ọlọ́gbọ́n jiyàn. Oríṣi tó ṣeé mú fẹ̀ tàbí kí a mú sún kì wà, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ sì ń lò nínú ilé wà láàárín 1.0 àti 1.4 mm. Wọ́n á ní kí ẹ mú un kéré sí i kí àwòrán lè mú sí i. Fún ẹni tí ojú ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ihò bá ti ń kéré ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú ọ̀tún ń dín kù, ọpọlọ sì máa ń tẹ̀ sí ibi tí àwòrán ti mọ́lẹ̀ jù, ìyẹn òsì. Kí olójú òsì bẹ̀rẹ̀ láti ihò ńlá, kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kó sì dúró kí òsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Òrùka iwájú náà kò gbọdọ̀ fún àmì mọ́ra jù. Ẹ jẹ́ kí funfun tó hàn yípo dúdú náà tó. Òrùka tó fún jù máa ń mú kí ayìnbọn dúró pẹ́, ojú òsì sì máa ń lo ìdúró pípẹ́ yẹn láti yọjú.

Awò ìbọn

ISSF kò gba awò tó ń sọ nǹkan di ńlá láàyè ní ìdíje ráífù 10 m àti 50 m, kò sì sí i nínú ìdíje yíyọ̀ lórí yìnyín pẹ̀lú ìbọn. Bó bá jẹ́ irú ìyẹn lẹ ń lépa, ẹ padà sórí oníhò. Fún ọdẹ, àti fún ìdíje Field Target tí wọ́n ń ṣe ní pápá gbangba ní Ìlú Ọba, awò lọ̀rẹ́ olójú òsì.

Àmì àti ìlà àgbélébùú inú awò jọ máa ń hàn lójú ibì kan náà, nítorí náà kò sí pé à ń yan èyí tó máa mọ́. Pàtàkì jù, ohun tó wà nínú awò tóbi ju ohun tí ojú òsì ń rí lọ. Bí awò bá sọ àmì di ìlọ́po mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwòrán méjèèjì kò jọra mọ́, ọpọlọ ọ̀pọ̀ èèyàn á sì mú èyí tó tóbi tó sì mọ́ jù. Ní ìlọ́po kan tàbí méjì, àwòrán ọ̀tún àti ti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, òsì á tún gbàjọba. Nítorí náà, awò tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìlọ́po kan, tí òde ń gbé gẹ̀gẹ̀ báyìí, ni mo kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò lórí tábìlì fún olójú òsì. Mo máa ń yọ èyí tí wọ́n ń dè jìnnà síwájú lórí ọ̀pá ìbọn pẹ̀lú, nítorí wọ́n ṣe é kí ojú méjèèjì lè máa wo ayé yípo rẹ̀.

Ẹ ṣírò ìmọ́lẹ̀: ẹ fi iye ìlọ́po pín ìbú awò iwájú. Awò 40 mm ní ìlọ́po 8 ń fún ojú ní òbìrìkítí ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ 5 mm. Ní ìlọ́po 20, ó di 2 mm, ní ìrọ̀lẹ́ ojú ọ̀tún á sì ṣókùnkùn, èyí tí òsì ń retí gan-an. Fún ráífù afẹ́fẹ́, ẹ wá awò tí a lè tò dé 10 m. Ọ̀pọ̀ awò ìbọn ńlá ni wọ́n ti tò pa fún nǹkan bíi 100 yáàdì, àmì tó súnmọ́ á sì máa yí kiri bí orí bá ti mì. Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì máa ń ta sẹ́yìn kó tó tún ta síwájú, ìtasíwájú yẹn sì máa ń ba awò tí wọn ò ṣe fún un jẹ́.

Ọgbọ́n kékeré kan: bí awò yín bá ní ọmọrí onílẹ̀kùn lẹ́yìn, ẹ yí i kó máa ṣí sí apá òsì, kí ẹ lẹ bébà funfun mọ́ inú rẹ̀. Ìbòjú ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ìfojúsùn oníná pupa

Èyí ni oníṣòwò máa ń kọ́kọ́ nà sí olójú òsì. Á ní, “Ẹ la ojú méjèèjì, ẹ gbé ẹ̀kán pupa lé àmì, ó parí.” Fún ẹni tí ojú àti èjìká rẹ̀ bára mu, òótọ́ ló sọ. Fún olójú òsì, ojú ọ̀tún nìkan ló ń rí ẹ̀kán iná náà. Òsì ń rí àmì tó mọ́ rekete láìsí iná kankan lórí rẹ̀. Ọpọlọ lè pa àwòrán méjèèjì pọ̀, ó sì lè sọ pé ti ọ̀gá ló tó òun, kí ẹ̀kán iná sì pòórá.

Ìpapọ̀ yẹn ti ṣiṣẹ́ nínú ìtàn. Singlepoint, ìfojúsùn tí ẹnu rẹ̀ dí pátápátá, tí ojú kan ń rí iná inú rẹ̀ nígbà tí èkejì ń rí àmì, wà lára ìbọn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n Son Tay ní Vietnam ní oṣù kọkànlá ọdún 1970. Ilé iṣẹ́ Aimpoint ní Sweden gbé oníná tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ jáde ní ọdún 1975, ìyẹn sì ni baba àwọn tó kún ìsọ̀ lónìí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ dán an wò nínú ìsọ̀. Ẹ di ẹnu iwájú rẹ̀ pa, ẹ la ojú méjèèjì, ẹ gbé ẹ̀kán náà lé nǹkan kan lára ògiri tó jìnnà, kí ẹ wá ṣí ẹnu rẹ̀, kí ẹ di ojú òsì, láìyí ọwọ́ padà. Bí ẹ̀kán kò bá kúrò níbẹ̀, ojú yín ń bá ara wọn ṣe. Bó bá sún lọ sí ẹ̀gbẹ́, ibi tó sún lọ yẹn ni ọta yín á máa sún lọ pẹ̀lú. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ rí ẹ̀kán kankan nígbà tí ẹnu rẹ̀ dí, ọ̀gá yín ti dájọ́. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ, bóyá nítorí ìdíje tó ń sáré, kí ó lẹ téèpù funfun tó tó ẹyọ owó wẹ́wẹ́ mọ́ gíláàsì òsì awò ojú rẹ̀. Ẹlòmíràn ló yẹ kó bá a lẹ̀ ẹ́, nígbà tí ìbọn ṣíṣófo ti wà ní èjìká rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí à ń yìn sí. Ibi tí ojú òsì ti ń rí ìfojúsùn nìkan ni kí téèpù bò.

Ìfojúsùn tó ń gbé ìlà ojú kọjá

Fún ẹni tí ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran, tí kò sì lè yí èjìká padà, ohun èlò kan wà tó ń fi dígí gbé àwòrán láti orí ọ̀pá ìbọn wá síwájú ojú òsì. ISSF gbà á níwọ̀n ìgbà tí kò bá sọ nǹkan di ńlá, àti níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni èjìká ọ̀tún bá ojú òsì ṣiṣẹ́, tàbí òdìkejì rẹ̀. Ẹni tí èjìká àti ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn oníṣẹ́ ìbọn ní London gba ọ̀nà míràn fún ìbọn ẹyẹ: wọ́n ń tẹ igi ìbọn kọ́lọkọ̀lọ kí ìdí wà ní èjìká ọ̀tún, kí ọ̀pá sì bá ojú òsì dọ́gba. Ó lẹ́wà, ó sì ń jẹ owó.

Oríṣi tí wọ́n kàn ń dè sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìbọn wà pẹ̀lú, òun ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ká ní ìlà ojú fi 6 cm jìnnà sí ìlà ọ̀pá ìbọn, tí ẹ sì tò ó kí méjèèjì pàdé ní 10 m. Ní 50 m, wọn á ti kọjá ara wọn, ọta á sì fi 24 cm yà sí òdìkejì. Ẹni tí kì í kúrò ní 10 m kò ní ìṣòro. Ọdẹ kò mọ ibi tí ẹran máa dúró.

Ìdánwò lórí páálí

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, orí páálí ni kí ẹ ti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Ẹ gbé ìbọn lé àpò yanrìn kí ọwọ́ má bàa di ẹlẹ́rìí èké. Ẹ bo ojú òsì pátápátá, kí ẹ yin ọta márùn-ún sí páálí kan. Ẹ sinmi. Ẹ wá la ojú méjèèjì pẹ̀lú ìbòjú tàbí téèpù yín, kí ẹ yin márùn-ún míràn sí páálí mìíràn láìyí ìdè kankan. Ẹ gbé páálí méjèèjì lé ara wọn, kí ẹ nà wọ́n sí iná. Bí ìdì ihò méjèèjì bá bọ́ sójú kan, iṣẹ́ ti parí, ẹ lè wá tò ìfojúsùn sí àárín. Bí èkejì bá sún sí òsì, ẹ fi 5 mm kún gígùn ìbòjú, tàbí kí ẹ mú ihò ẹ̀yìn fẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún un yìn. Bí ihò mẹ́ta bá wà lójú kan tí méjì sì sá lọ sí òsì, ẹ wo àwọn tó sá lọ bóyá àwọn ló kẹ́yìn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ojú tó rẹ̀ ni òsì máa ń dúró dè, nítorí náà ẹ dín àkókò tí ẹ fi ń fojú sùn kù kí ẹ tó tún fọwọ́ kan irin kankan.